Láti Ìròyìn dé Àròyé: Ìtàn Ìwé Ìròyìn Yorùbá àti Èdè Ọ̀rọ̀ Ìlú

1.0 Ìfáàrà

Bí àwọn onímọ̀ bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ ìròyìn ní Nàìjíríà, orúkọ àwọn olùdásílẹ̀, ọdún tí ìwé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ìjà tí wọ́n bá ìjọba amúnisìn jà ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́. Iṣẹ́ tí èdè fúnra rẹ̀ ṣe nínú ìtàn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé láàárín 1859 sí 1996, àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ṣe ju kí wọ́n ròyìn lọ. Àwọn ni wọ́n sọ Yorùbá di èdè tí a fi ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìjọba nínú ìwé, ní àkókò tí èdè náà kò ní ààyè nínú ilé aṣòfin. Orúkọ tí wọ́n sọ àwọn ìwé ìròyìn náà jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì lórí kókó yìí.

2.0 Abẹ́òkúta, 1859 sí 1867

Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, ni ó dá Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó ń jáde, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kún un ní 1860. Ìròyìn ìjọ, ti òwò òwú, ti ogun Ìjàyè àti ti àwọn tó dé sí ìlú tàbí tó kúrò níbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àkọtọ́ Yorùbá kò tíì fìdí múlẹ̀ nígbà náà, nítorí pé ọdún 1875 ni CMS tó ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ ní Èkó.

Ohun méjì ló yẹ kí a kíyè sí nínú orúkọ ìwé yìí. Èkíní ni ọ̀rọ̀ náà ìròhìn, tí a lè tú sí ì-rò-ìhìn: iṣẹ́ ẹni tó ń sọ ìhìn fún ẹlòmíràn. Èkejì ni fún, tó fi hàn pé ẹnìkan ń sọ, àwọn ará Ẹ̀gbá sì ń gbọ́. Míṣọ́nnárì ló ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òun náà ló ni ohùn. Nígbà tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867, tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò ní ìlú, ìwé ìròyìn náà parẹ́ pẹ̀lú wọn.

3.0 Èkó àti Ìbàdàn, 1922 sí 1931

Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ló gbilẹ̀ ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí. Ìgbà tó di ọdún 1922 ni àwọn ti Yorùbá tún bẹ̀rẹ̀ sí yọjú ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé: Èkó Àkéte ti Adeoye Deniga ní 1922, Elétí Ọfẹ ti E. A. Akintan ní 1923, Yoruba News ti D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn ní 1924, àti Akéde Èkó ti I. B. Thomas ní 1928. Èdè méjì, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ni púpọ̀ nínú wọn ń lò.

Kì í ṣe èèṣì ni wọ́n fi jáde ní àsìkò kan náà. Òfin ìṣèjọba tí Gómìnà Clifford gbé kalẹ̀ ní 1922 fún Èkó ní àǹfààní láti dìbò yan aṣojú mẹ́ta, Calabar sì ní ẹyọ kan. Ìbò àkọ́kọ́ wáyé ní 1923. Ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un kò dín ní £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè ìgbìmọ̀ náà. Gbogbo obìnrin àti ọ̀pọ̀ jù lọ ọkùnrin Èkó kò ní ìbò. Àmọ́ ẹni tó bá lè ka Yorùbá, tàbí tó ní ẹni tí yóò kà á sí i létí, lè mọ ohun tí ìgbìmọ̀ ń ṣe, ó sì lè kọ lẹ́tà sí olóòtú láti sọ tirẹ̀.

Orúkọ àwọn ìwé náà bá ipò yìí mu. Elétí ọfẹ ni ẹni tí etí rẹ̀ yá sí ọ̀rọ̀. Akéde ni ẹni tí ọba ń rán láti kígbe ọ̀rọ̀ káàkiri ìlú. Etí àti ẹnu ni orúkọ wọ̀nyí ń tọ́ka sí, kì í ṣe ojú tí a fi ń kàwé. Ìwé ìròyìn gba ipò tí àwùjọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì yí i padà, nítorí pé akéde tuntun yìí kì í ṣe ìránṣẹ́ ọba, ó sì lè kéde ohun tí ìjọba kò fẹ́.

Ọ̀rọ̀ Èṣùgbàyí Elékò fi èyí hàn. Ìjọba amúnisìn yọ ọ́ lóyè ní 1925, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ náà dé ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ọba náà sì padà sí Èkó ní 1931. Inú jẹ ọba ni ìjọba ti ṣẹ̀ wá. Ipò ọba ló kọ́kọ́ dúró fún kí a tó fi pe ìṣàkóso àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọ̀rọ̀ Elékò, ìtumọ̀ méjèèjì forí gbárí: ìjọba tuntun yọ ẹni tó ti jọba lóyè. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún méjèèjì. Ẹni tó bá ń kọ̀wé ní Yorùbá kò lè dárúkọ èkíní láìjẹ́ pé èkejì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́tà sí olóòtú tún di ọ̀nà ìkọ̀wé pàtàkì. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó bí ẹni pé obìnrin kan ló ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé ènìyàn gidi ni. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀nà tí àwọn ìlú ń gbà bá ìwé ìròyìn sọ̀rọ̀ ni òǹkọ̀wé náà lò. Ní Ìbàdàn, Ọbasá fi ewì rẹ̀ sínú Yoruba News, ewì sì wá ń gbé pọ̀ pẹ̀lú ìròyìn lójú ewé kan náà.

4.0 Lẹ́yìn 1931

Ọ̀nà tí Hausa gbà yàtọ̀. Ìjọba amúnisìn ló wà lẹ́yìn Gaskiya Ta Fi Kwabo ní 1939, Abubakar Imam sì ni olóòtú rẹ̀. Àmọ́ orúkọ òun náà jẹ́ gbólóhùn tó jọ òwe: òtítọ́ ju kọ́bọ̀ lọ. Ní ti Yorùbá, Ìròyìn Yorùbá jáde ní 1945, Gbohùngbohùn sì tẹ̀ lé e ní 1970. Ilé iṣẹ́ Concord ti M. K. O. Abíọ́lá gbé Ìsọ̀kan jáde ní Yorùbá, Amana ní Hausa àti Udoka ní Igbo. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sọ ìròhìn di ìròyìn nínú ìwé. Ìkọsílẹ̀ tuntun náà bá bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń pè é mu, ṣùgbọ́n ìhìn tó wà nínú rẹ̀ fara pamọ́.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1979 gbà kí àwọn aṣòfin àpapọ̀ lo Hausa, Igbo àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, bí ètò tó péye bá ti wà. Òfin ti 1999 tún un sọ. Ìwé ọ̀rọ̀ aṣòfin ní èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde ní 1991. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò nílé aṣòfin àpapọ̀. Ojú ewé ìwé ìròyìn ni èdè wọ̀nyí ti ń ṣe iṣẹ́ tí òfin ṣèlérí fún wọn.

Aláò Adédayọ̀ kọ́kọ́ gbé Aláròyé jáde ní 1985, ṣùgbọ́n 1996 ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìjọba ológun ti fagi lé ìbò 1993, wọ́n ti ti Concord pa ní 1994, Abíọ́lá sì wà ní àtìmọ́lé. Ìhìn nìkan kò tó àwọn ènìyàn mọ́. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. A lè tú àròyé sí à-rò-yé: ohun tí a rò kí ó lè yéni. Rò kan náà ló wà nínú ìròyìn ti 1859.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá gbà pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé ìròyìn Abẹ́òkúta sọ tẹnu ẹnìkan. Àwọn ti Èkó àti Ìbàdàn fi lẹ́tà àti ewì fún ẹlòmíràn láàyè. Aláròyé fi àlàyé ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Èyí fi hàn pé èdè kì í dúró de ìwé atúmọ̀ kí ó tó lè gbé ọ̀rọ̀ ìjọba. Ibi tí àwọn ìlú bá ti ní ohun tí wọ́n fẹ́ bá ìjọba sọ, tí wọ́n sì rí ewé tí wọn yóò sọ ọ́ sí, ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde. Fún àwọn onímọ̀ èdè tó ń wá ọ̀rọ̀ tuntun fún ilé aṣòfin, inú ìwé ìròyìn àtijọ́ wọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.