Ìbánisọ̀rọ̀ láàárín àwọn VLAN

VLAN jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ láì ra switch mìíràn. W. David Sincoskie ni ó dá a sílẹ̀ ní Bellcore, ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1980. Ní 1998 ni IEEE gbé ìlànà rẹ̀, 802.1Q, jáde. Nọ́ḿbà VLAN bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 4094.

Kọ̀ǹpútà inú VLAN kan kò lè bá ti VLAN mìíràn sọ̀rọ̀ àfi bí router, tàbí switch tí ó lè ṣe iṣẹ́ router, bá wà láàárín wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìwáyà, ládùúgbò Yunifásítì ìlú Èkó, bá ya VLAN 10 àti VLAN 20 nínú Packet Tracer tí ping kò sì kọjá, ìpele mẹ́ta ni àyẹ̀wò rẹ̀:

* Ping sí kọ̀ǹpútà inú VLAN kan náà. Bí ó bá kùnà, IP kò tọ̀nà tàbí port wà nínú VLAN tí kì í ṣe tirẹ̀. Àṣẹ show vlan brief yóò fi èyí hàn.
* Ping sí gateway. Bí ó bá kùnà, kí a yẹ trunk wò, àti nọ́ḿbà VLAN tí a kọ sórí router, kí a sì rí i pé a ti fi no shutdown ṣí ojú router náà.
* Ping sí VLAN kejì. Gateway kọ̀ǹpútà tí ó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ̀nà, torí pé bí ìbéèrè bá tilẹ̀ dé, èsì kò ní mọ ọ̀nà padà.

Ping àkọ́kọ́ lè sọnù nítorí ARP. Ìyẹn kì í ṣe àléébù. Lórí kọ̀ǹpútà gidi, Windows Firewall náà lè dí ping nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé pérépéré.