Àwọn Ọ̀dọ́mọbìnrin Òkè-Ògùn ní Ilẹ̀ Gold Coast

Ìtàn-àròsọ Brooklyn, tí Colm Tóibín gbé jáde ní ọdún 2009, dá lórí Eilis Lacey, ọ̀dọ́mọbìnrin ará Enniscorthy ní ilẹ̀ Ireland, tí àìríṣẹ́ lé kúrò nílé dé New York lẹ́yìn ọdún 1950, níbi tí ó ti ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá lọ́sàn-án, tí ó sì ń kọ́ ìṣirò owó lálẹ́. Ìwé náà kò pariwo. Àárò ilé tí ọmọ náà ń pa mọ́ra ni òǹkọ̀wé fara balẹ̀ tọ pinpin. Bí a bá kà á ní Ìwéré-Ilé, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjowà ní agbègbè Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí ibodè ilẹ̀ Benin, ọkàn kò lè ṣàì lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin Òkè-Ògùn tí wọ́n gba ọ̀nà Gold Coast lọ, ìyẹn ilẹ̀ tí ó di Gánà ní ọdún 1957.

Kí mọ́tò tó gbòde, àwọn ọkùnrin Ṣakí àti Ìgbòho, pẹ̀lú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, a máa ru ọjà lórí, wọn a sì fẹsẹ̀ rìn la ilẹ̀ Dahomey, ìyẹn Benin òde òní, àti Tógò kọjá dé àwọn ìlú bíi Tamale ní àríwá Gold Coast. Nígbà tí òwò bá sì fìdí múlẹ̀, wọn a wá ìyàwó wá láti ilé, ọmọbìnrin tí ó lè má tíì kọjá ọjà ìlú rẹ̀ rí. Irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ kì í jókòó lásán, nítorí pé nínú àṣà Yorùbá, owó obìnrin kì í ṣe owó ọkọ: ọkọ a fún un ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, òun náà a sì pàtẹ tirẹ̀, a sì kọ́ èdè àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ìsọ̀, ìyẹn àyè tí ó ti ń tajà. Ó dunni pé nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ń sọ nípa òwò yìí, ọkùnrin ni oníṣòwò, obìnrin sì dà bí ẹni tí ó kàn tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ ni ó wúwo jù. Ikú ẹ̀gbọ́n Eilis ni ó dá a padà sí Enniscorthy, síbẹ̀ ó rí àyè rò ó bóyá kí òun dúró ni tàbí kí òun padà sọ́dọ̀ ọkọ tí ó fẹ́ ní bòńkẹ́lẹ́. Àwọn obìnrin tí ó wà ní Gánà kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀: ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi gbà fún un láti máa gbé ibẹ̀, kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Owó ọjà àwìn kò ṣeé gbà mọ́, ọjà tó kù di èyí tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀, ogun abẹ́lé Nàìjíríà kò sì tíì parí nígbà tí wọ́n ń wọlé. Ìyá tí ó ti dàgbà sẹ́nu òwò ní Tamale wá di àlejò ní agboolé baba rẹ̀, ọmọ tí ó bí sọ́hùn-ún sì ń kọ́ láti pe ibi tí kò dé rí ní ilé. Àwọn kan gbé òwò wọn lọ sí Ìbàdàn àti Èkó nígbà tí ìlú wọn kò gba irú ọjà tí wọ́n mọ̀ ọ́n tà, àwọn mìíràn sì tún padà sí Gánà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀.