Kurọmatọ́gíráfì Olómi àti Wíwọn Oògùn Inú Ẹ̀jẹ̀

Kurọmatọ́gíráfì olómi ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń gbà ya àwọn èròjà tó pò mọ́ra nínú omi sọ́tọ̀, kí wọ́n lè wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó. Mikhail Tsvet, onímọ̀ ewéko ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí ó ń ya àwọn àwọ̀ inú ewé sọ́tọ̀. Lónìí, a ń fi í wọn oògùn nínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti itọ́. Àpẹẹrẹ kan ni lumefantrine, ọ̀kan nínú oògùn méjì inú hóró artemether-lumefantrine, èyí tí Nàìjíríà fi rọ́pò chloroquine fún ìtọ́jú ibà ní ọdún 2005.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Bí a bá ti fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, a ó fi ẹ̀rọ yí i bírí kí omi ẹ̀jẹ̀ lè yọ lókè. A ó fi ìwọ̀n pàtó èròjà mìíràn tó jọ lumefantrine sí i. Èyí ni èròjà afiwé. Bí díẹ̀ nínú oògùn bá ṣòfò lójú iṣẹ́, irú ìpín kan náà ni yóò ṣòfò nínú èròjà afiwé. Acetonitrile ni a ó wá fi mú purotéènì dì, kí a lè yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀rọ yóò ti omi tó kù gba inú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ki lẹ́búlẹ́bú sílíkà sí, èyí tí a fi èròjà tó jọ ọ̀rá bò. Èròjà tó bá omi rẹ́ yóò tètè jáde; lumefantrine, tó bá ọ̀rá rẹ́, yóò rọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú náà, yóò sì pẹ́ kí ó tó jáde. Níbi àbájáde, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí ń kọjá láàrin omi náà. Lumefantrine a máa gba ìmọ́lẹ̀ náà mu ní nǹkan bí nánómítà 335, kọ̀ǹpútà yóò sì ya òkè ṣóńṣó kan. A ó fi òkè yìí wé ti èròjà afiwé, àti ti omi ẹ̀jẹ̀ tí a mọ iye oògùn inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti ṣírò iye rẹ̀.

Ohun tí iye náà ń sọ

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń lo oògùn yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Artemether kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Lumefantrine ni ó ń dúró fún ọjọ́ púpọ̀ láti pa kòkòrò ibà tó ṣẹ́kù. Nítorí náà ni a fi ń wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ keje. Ìwádìí tí a gbé jáde ní ọdún 2015 fi nánógíráàmù 200 nínú mìlílítà kan ṣe òdiwọ̀n.

Bí ibà bá padà tí iye náà sì kéré, ó ṣeé ṣe kí oògùn má wọ ẹ̀jẹ̀ tó: lumefantrine kì í wọlé dáadáa bí a kò bá fi oúnjẹ ọlọ́ràá lò ó. Bí iye náà bá tó, a ó wádìí bóyá kòkòrò ti ń ko oògùn lójú, tàbí bóyá ẹ̀fọn tún kó ibà tuntun ran aláìsàn. Láìwọ̀n ọ́n, a lè pa oògùn tó dára tì, tàbí kí a máa lo èyí tí kò ràn mọ́.