Ó Ń Dún, Ṣùgbọ́n Kò Sọ̀rọ̀

Ọkọ àbúrò mi ló fi gbólóhùn náà lé mi lọ́wọ́, kò sì mọ̀ pé òun fún mi ní nǹkan kan. Ó ra rísífà home theatre kan, tòkunbọ̀, tí kò wọ́n. Ó gbé e wálé, ó so sìpíkà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ ọn, ó ní kí n wá wò ó. Mo jókòó. Ọkọ̀ ń sáré nínú fíìmù, ìbọn ń dún, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Nígbà tó kan ibi tí àwọn òṣèré ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, mo na etí títí, n kò gbọ́ ju gbólóhùn kan lọ nínú mẹ́ta. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí ẹ̀rọ náà sí. Ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ó ń dún, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ nípa ẹ̀rọ ohùn. Mo ní ìwé kan tó kún fún orúkọ: orúkọ wáyà, orúkọ bọ́tìnnì, orúkọ gbogbo ihò tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣe iṣẹ́ tí gbólóhùn àna mi ṣe lọ́jọ́ náà. Sìpíkà àárín, èyí tí wọ́n ń gbé sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré. Bí tirẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju ti ìyókù lọ, ariwo nìkan ló kù fún ẹni tó ń wòran. Dídún yàtọ̀ sí sísọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì ti dúró létí agbo onílù kò nílò àlàyé: gúdúgúdú ń dún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe sìpíkà àárín ní ìyáàlù. Mo tún yí ọ̀nà iṣẹ́ mi padà. Dípò kí n máa ka ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa sọ wọ́n lórúkọ, mo ń lọ jókòó ti àwọn tó ra á, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín àti bí wọ́n ṣe ń bú u.

Orúkọ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Rísífà ni gbogbo ayé ń pè é, orúkọ náà kò sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu mọ́, àní nínú èdè tó ti wá. Amplifaya tó ní rédíò nínú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà kan, torí pé ó ń gba ìgbì rédíò láti inú afẹ́fẹ́. Lónìí, rédíò inú rẹ̀ lohun tí ẹni tó ni ín ń rántí kẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kó ohùn jọ láti ara tẹlifíṣọ̀n, dìkódà, ẹ̀rọ DVD àti fóònù, kó yà wọ́n sọ́tọ̀, kó fún wọn lágbára, kó wá pín wọn fún sìpíkà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá wá fi "gbígbà" sọ ọ́ lórúkọ ní Yorùbá, àṣìṣe àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ la tún ń ṣe. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá wọ ọjà lọ béèrè rísífà lè bá ti sátẹláìtì bọ̀.

Mo pè é ní apínhùn. Mo rò pé ó dára. Ó kúrú, ó sì sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ìṣòro tó wà nínú irú orúkọ yìí. Ẹ wo amóhùnmáwòrán: ilé iṣẹ́ ìròyìn ń lò ó, ìwé ìléèwé ń lò ó, àmọ́ láti 1959 tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn, tẹlifíṣọ̀n ni ìyá mi ń pè é títí dòní. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni èmi fẹ́ràn jù. Amóhùnmáwòrán ń sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe. Asọ̀rọ̀mágbèsì ń sọ ohun tó ń ṣe sí ọ. O lè gbó rédíò lẹ́nu títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dáhùn. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti bá a jà rí.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èdè-ìperí. Ti Ayọ̀ Bámgbóṣé jáde ní 1984, ti Ọládélé Awóbùlúyì tẹ̀lé e ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, olùkọ́ sì lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé "fóníìmù" ni kó kọ, kó kọ ọ́. Ta ló lè pàṣẹ fún oníbàárà nínú ọjà? Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó lórí tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó wá padà wálé ni. Ẹnìkan ló fi pe ọkọ̀ àlòkù lọ́jọ́ kan, ó sì bá a mu débi pé ẹnì kankan kò béèrè ìtumọ̀ mọ́. (Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí àna mi rà, 120 fóòtì ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ń bọ̀ wá bá 230 ti wa. Ẹni tó tà á fún un kò sọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ka ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó kì í bọ iná, ó wá lọ ra stepdown.)

Níbi tí wọ́n ti ń ka iye sìpíkà, Yorùbá wa yege ju èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ lọ. Wọ́n á kọ 5.1 sára páálí. Mo ti gbọ́ tí ẹnìkan kà á bíi pé ó jẹ́ márùn-ún àti díẹ̀. Kì í ṣe ìdá sìpíkà ni àmì tó wà láàárín yẹn ń sọ. Sìpíkà márùn-ún ni, pẹ̀lú ẹyọ kan tó ń dún nísàlẹ̀. Kí ni a ó máa wá kiri, nígbà tí àwọn baba wa ti fi "ó lé" sílẹ̀ fún wa? Márùn-ún ó lé kan. 7.1 di méje ó lé kan. 5.1.2, irú èyí tí Dolby Atmos mú wọnú ilé ní 2014, di márùn-ún ó lé kan, méjì lájà. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á gbọ́ ọ, á sì mọ iye wáyà tó máa rà.

Ẹyọ kan tó lé yẹn, àwọn ọ̀dọ́ Èkó ti sọ ọ́ lórúkọ kí n tó dé. Bí orin bá ń lu ni láyà, gbẹ̀du ni wọ́n ń pè é. Mo kọ́kọ́ lọ́ra. Ìlù ọba ni gbẹ̀du. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló ń kàn án láyé àtijọ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí lẹ́jọ́ pé mo gbé e sábẹ́ tábìlì pálọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ìró tó wà lábẹ́ nǹkan bí 80 hẹ́ẹ̀tìsì ni wọ́n sábà máa ń dà sí sìpíkà yìí. Kì í sọ̀rọ̀, kò sì rọrùn láti mọ apá ibi tí ìró rẹ̀ ti ń wá. Àyà àti ilẹ̀ la fi ń gbọ́ ọ. Kí ni gbẹ̀du ń ṣe tó ju ìyẹn lọ?

Fún ohùn tó yí ni ká, mo ti rí i níbi tí wọ́n ti kọ "ohùn àyíká". Bí mo bá gbọ́ àyíká, wolé-wolé ló ń wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú gọ́tà àti ìgbálẹ̀. Ohùn apagbo ni mo fi rọ́pò rẹ̀, nítorí pé àwọn sìpíkà pagbo yí olùwòran ká bí àwọn ọmọ ṣe ń pagbo lábẹ́ òṣùpá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni agbára. Wáàtì kò nílò ìtumọ̀. Orúkọ èèyàn ni, James Watt ará Scotland, gẹ́gẹ́ bí óòmù ṣe jẹ́ ti Georg Ohm, tí hẹ́ẹ̀tìsì jẹ́ ti Heinrich Hertz, àwọn méjèèjì ará Jámánì. A kì í túmọ̀ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó ń fẹ́ ọ̀rọ̀ ni irú wáàtì tí wọ́n ń kà fún ọ. Ẹ wo rísífà méjì tó jáde ní 2018, tí owó wọn kò jìnnà sí 300 dọ́là l'Amẹ́ríkà nígbà náà. Sony STR-DH590 ń polówó 145 wáàtì. Yamaha RX-V385 ń sọ 70. Ẹni tó bá fojú lásán wò ó á ní agbára ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wọn 145 yẹn, sìpíkà kan ṣoṣo ni wọ́n fún lóúnjẹ, ìró kan ṣoṣo, 1,000 hẹ́ẹ̀tìsì, ni wọ́n gbà kọjá, wọ́n sì fàyè gba kí ohùn fọ́ dé ìdá 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ti 70 yẹn, sìpíkà méjì ló ń jẹun papọ̀, láti 20 hẹ́ẹ̀tìsì dé 20,000, ìyẹn gbogbo ibi tí etí ọmọ èèyàn dé, fífọ́ ohùn kò sì ju 0.09 lọ. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Kóńgò wọn ló yàtọ̀: ọ̀kan wọn gàrí, ó jẹ́ kó ga gegere lórí, èkejì fi igi gé orí rẹ̀.

Nítorí náà, mo ní orúkọ méjì. Wáàtì ìpolówó ni ti gegere, wáàtì gígélórí ni ti èkejì. PMPO tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára rédíò kásẹ́ẹ̀tì wa àtijọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì nínú páálí tí ọmọdé lè gbé, ìpolówó pọ́ńbélé ni. Ìjọba Amẹ́ríkà tipasẹ̀ àjọ FTC ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1974, pé kí ẹni tó bá fẹ́ pariwo wáàtì sọ kóńgò tó fi wọ̀n ọ́n. N kò tíì rí irú òfin bẹ́ẹ̀ lórí páálí tó ń wọlé sọ́dọ̀ tiwa, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lẹ́nu oníbàárà kó tó fa owó yọ.

Okùn HDMI, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rìmóòtù náà. Ṣùgbọ́n ARC, tó bá HDMI 1.4 dé ní 2009, mo ní ọ̀rọ̀ fún un: ohùn àbọ̀. Okùn tó ń gbé àwòrán lọ sí tẹlifíṣọ̀n náà ló ń gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n padà bọ̀ wá sí apínhùn. Ẹ kú àbọ̀ ni a ń kí ẹni tó bá tìrìn àjò dé. Kí atẹ̀wé má kàn lọ tẹ ààbọ̀, kí oníbàárà má rò pé ìdajì ohùn ni wọ́n tà fún òun.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìyìn àti èébú ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Bí àwọn òyìnbó bá fẹ́ yin apínhùn tí kò wọ́n, wọ́n á ní ohùn rẹ̀ gbóná. Wọ́n ní òmíràn mọ́lẹ̀ jù, òmíràn ṣókùnkùn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Sọ fún ẹni tó ń ta ohun èlò iná mànàmáná pé ohùn ẹ̀rọ rẹ gbóná, á sáré yọ ọ́ kúrò lára iná. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó dára tutù ni. Ohùn tí wọ́n ń yìn pé ó gbóná yẹn, tó rọra wọ ni lára, tí kò gún ni létí, ohùn tútù ni lédè wa. Mo jókòó ti ìwé mi fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ tí mo rí èyí. Ìdàkejì ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n sì ń sọ pé ó mọ́lẹ̀ jù, ẹnu kan náà ni gbogbo àwọn tí mo bi fi dáhùn: "Ó ń ta létí."

Mo gbọ́ òmíràn. Ẹnìkan ní ohùn tirẹ̀ já gooro. Òmíràn ní tòun rinlẹ̀. Obìnrin kan ní, "Ẹnu wọn á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde," ìyẹn nígbà tí ohùn kò bá àwòrán rìn. Kò sí orúkọ tí mo lè fún àìsàn yẹn tó máa ṣe kedere tó báyìí. Ohùn tó ń fọ́, ohùn tó ń já, ẹ̀rọ tó ń kùn yùnmùyùnmù bí agbo oyin nígbà tí kò sí orin rárá. Gbogbo rẹ̀ ló ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni a kò ní. Ẹjọ́ tí a ó rò nípa ẹ̀rọ kò wọ́n wa rí.

Mo padà sọ́dọ̀ àna mi lọ́jọ́ Àìkú. Maikirofóònù kékeré kan ń bá irú ẹ̀rọ yìí wá, àna mi kò tíì tú u nínú ọ̀rá. A gbé e sórí àga tí wọ́n ti ń wòran, a ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí fi sìpíkà kọ̀ọ̀kan fín tòò, tòò, ó ń gbọ́ bí iyàrá ṣe ń dá a lóhùn, ó ń ṣírò bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àga tó. Ìdánhùnwò ni mo pe ìyẹn. Nígbà tó parí, mo tún fi dẹ̀síbẹ̀lì mẹ́ta kún ìyáàlù lọ́wọ́ ara mi. A tan fíìmù ọjọ́sí. Ọkùnrin inú rẹ̀ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́, a sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo lo àǹfààní náà, mo kọ́ àna mi ní orúkọ gbogbo wọn, apínhùn, ìyáàlù, gbẹ̀du. Ó ń fi orí dáhùn bí ọmọlúàbí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ó pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbẹ̀du yẹn ti ń kùn o."

Mo ní kó yẹ wáyà rẹ̀ wò, bóyá ó sún mọ́ wáyà iná jù. Mo wá bi í pé apínhùn ńkọ́.

"Kí ni ìyẹn, Ẹ̀gbọ́n?"

"Rísífà."

"Háà, rísífà wà dáadáa."