Medicare: Ta Ni Òfin Ń Fa Ẹni Tó Dákẹ́ Lé Lọ́wọ́?

Medicare ni ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65. Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lu òfin rẹ̀ ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, 1965, nílùú Independence, ìpínlẹ̀ Missouri. Harry Truman, ààrẹ àtijọ́ tó ti jà fún irú ètò ìlera bẹ́ẹ̀ tí kò rí i ṣe, ni wọ́n fún ní káàdì àkọ́kọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ti ìjọba nìkan ló wà: Ìpín A fún owó ọsibítù, Ìpín B fún owó dókítà, tí ẹni tó bá fẹ́ ẹ ń san dọ́là 3 lóṣù lé lórí.

Òfin 1972 ló jẹ́ kí orúkọ àgbàlagbà máa wọ Ìpín B láìjẹ́ pé ó béèrè. Títí dòní, ẹni tó bá ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, Social Security, kó tó pé 65, ilé ni káàdì aláwọ̀ pupa, funfun àti búlúù náà ń bá a. Bí kò bá fẹ́ Ìpín B, òun ni yóò fèsì pé òun kò fẹ́. Bó bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ ìjọba ló bọ́ sí.

Òfin 1982 la ọ̀nà gidi fún ilé-iṣẹ́ aládàáni láti máa bójú tó Medicare fáwọn èèyàn. Òfin 1997 pè é ní Medicare+Choice. Ti 2003, tí George W. Bush buwọ́ lù, sọ ọ́ di Medicare Advantage. Iye kan pàtó ni ìjọba ń san fún ilé-iṣẹ́ lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ sábà máa ń fi ìtọ́jú eyín àti awò ojú kún un, àmọ́ dókítà tiwọn ni wọ́n fẹ́ kéèyàn lọ bá, ọ̀pọ̀ ìtọ́jú sì ń dúró de àṣẹ wọn. Lọ́dọ̀ ìjọba, dókítà yòówù tó bá ń gba Medicare ló ṣeé lọ bá, ṣùgbọ́n ìdá 20 nínú 100 owó dókítà wà lọ́rùn aláìsàn, kò sì lópin. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ra Medigap, adójútòfò àfikún tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ń tà, mọ́ ọn. Bí oṣù 6 àkọ́kọ́ téèyàn wọ Ìpín B bá ti kọjá, ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù, ilé-iṣẹ́ lè torí àìsàn kọ̀ láti tà á.

Ní 2023, àwọn tó wà lọ́dọ̀ aládàáni ti ju ìdajì lọ. Àwọn kan nínú wọn kò fọwọ́ sí i: òfin 1997 gba ilé-iṣẹ́ tó gbàṣẹ láyè láti gbé oníbàárà rẹ̀ tí Medicare ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ sí bọ́ sínú Medicare tirẹ̀, bí onítọ̀hún bá gba lẹ́tà tí kò sì kọ̀. Àwọn tí wọn kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé àwọn figbe bọnu, ìjọba sì dá àṣẹ tuntun dúró ní 2016. Ìlànà 2018 fi í mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ti wà nínú Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún aláìní, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà ọjọ́ 60 ṣáájú. Ní 2023, ìwé ìmọ̀ràn tí Heritage Foundation, àjọ onímọ̀ràn lórí ìṣèlú, gbé jáde dábàá pé kí ọ̀dọ̀ aládàáni di ibi tí gbogbo ẹni tó bá dákẹ́ yóò bọ́ sí.

Àmọ́ ìyá tàbí bàbá tó bá ọmọ lọ sí Amẹ́ríkà, tí kò gba Social Security, káàdì kankan kò ní wá a wálé. Òun ni yóò lọ forúkọ sílẹ̀ nígbà tó bá tọ́ sí i. Bó bá pẹ́, owó Ìpín B rẹ̀ yóò fi ìdá 10 nínú 100 lé sí i fún oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tó fi jáfara. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.