Àkáǹtì Òwò ní Ìlú Onílùú: Ohun tí Ojú Oníṣòwò Yorùbá Rí ní Gáná

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa bi mí léèrè ohun tí ó yẹ kí Yorùbá máa pe àkáǹtì tí ènìyàn ṣí sí báńkì. Àwọn oníròyìn ń pè é ní àpò àṣùwọ̀n, àwọn ará ọjà ń pè é ní àkáǹtì, n kò sì rí ìjà nínú èyí. Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń mú mi ronú jù ni 'ilé ìfowópamọ́'. Ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ti fi ìlérí sínú rẹ̀: ilé tí a ń fi owó pa mọ́ sí. Fún ẹni tí ó ń ṣòwò nílùú ara rẹ̀, ìlérí náà rọrùn láti gbà gbọ́. Ẹni tí ó ń ṣòwò ní ìlú onílùú ní ìbéèrè mìíràn láti bèèrè: bí wọ́n bá ní kí n máa lọ lọ́la, ta ni ó ni owó tí mo pa mọ́? Ìtàn àwọn ènìyàn wa ní Gáná ni mo fẹ́ fi wo ìbéèrè yìí.

Ajue, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá mọ bí owó ṣe ń ya wọ ìlú nígbà tí wọ́n bá ta kòkó yóò tètè lóye ohun tí ó fa àwọn Yorùbá lọ sí Gold Coast. Láti 1911 ni ilẹ̀ náà ti gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn tí ń ta kòkó fún ayé. Àgbẹ̀ tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ra aṣọ, yóò ra ìlẹ̀kẹ̀, yóò ra àwo tanganran. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ṣakí àti Ìgbòho gbé ọjà lọ bá wọn ní Kùmásì, wọ́n sì gbé e kọjá títí dé Tamale ní àríwá. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000.

Bí a bá fi ojú owó wò ó, ilẹ̀ òkèèrè kọ́ ni ibẹ̀ nígbà náà. Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ tí ń ṣe owó fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ṣílè kan náà ni wọ́n ń ná ní Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Èrè tí ènìyàn jẹ ní Kùmásì, ó lè dì í mọ́ ìdí wálé, kí ó sì fi ra pákó àti páànù ní Ògbómọ̀ṣọ́ láìpààrọ̀ kọ́bọ̀ kan. Báńkì pàápàá kò yàtọ̀. Bank of British West Africa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1894, ní ẹ̀ka ní Èkó, ó sì ní ẹ̀ka ní Àkrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Barclays nígbà tí ó dé.

Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wa kò fi báńkì ṣe ibùgbé owó wọn. Àwọn kan sọ pé àìmọ̀wé ló fà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó oníṣòwò kékeré kì í jókòó. Díẹ̀ wà nínú ọjà tí ó pàtẹ, púpọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ra àwìn. Èyí tí ó ṣẹ́ kù wà nínú èsúsú, níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń dá iye kan náà, tí ẹnì kan ń kó o ní àkókò rẹ̀, tàbí ó wà lọ́wọ́ alájọ, tí ń gba owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kó èsúsú ní oṣù yìí lè ra igbá ọjà kan lódindi láì tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ọ̀gá báńkì. Ẹ̀rí ọmọ ìlú rẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n láti ilé ni ìwé ìdúró rẹ̀. Báńkì ìgbà náà, tí ó wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti òyìnbó, kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ láti gbà.

Lẹ́yìn òmìnira ni ààlà wọ inú owó. Gáná gba òmìnira ní 1957, ó ṣe pọ́ùn tirẹ̀ ní 1958. Nàìjíríà gbé pọ́ùn tirẹ̀ jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje 1959. Ní 1961 Gáná ṣe òfin tí ó fi pàṣípààrọ̀ owó sábẹ́ àṣẹ ìjọba. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí Nàìjíríà ní ọ̀nà tí òfin mọ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Nígbà tí ó di 1965, sídì rọ́pò pọ́ùn. Oníṣòwò kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òkèèrè ló wá bá a níbẹ̀. Àkáǹtì tí ó ti ṣí ní Kùmásì láti ìgbà ṣílè, tí ó kà sí owó ilé, di owó ilẹ̀ àjòjì láàárín ọdún díẹ̀.

Ní 1968, ìjọba ológun Gáná ṣe òfin pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ni yóò máa ṣe àwọn òwò kéékèèké kan. Ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ náà bú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí ó kó kúrò. Gáná ni wọ́n bí ẹlòmíràn nínú wọn sí. Ìwé wo ni ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ ní, nígbà tí kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ìwé rí?

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ọjọ́ 14 lè ṣe fún owó. Ọjà tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ènìyàn ta á ní ẹ̀dínwó tí kò ní orúkọ, nítorí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn oníbàárà sì mọ̀. Àwìn ló burú jù. Onígbèsè tí ó mọ ọjọ́ tí olówó rẹ̀ máa wọ ọkọ̀, kí ni yóò mú un yára san án? Ti báńkì wá dà bí àlọ́. Owó náà wà níbẹ̀ pé pérépéré, báńkì kò jí i. Ẹni tí ó ni ín lè gbà á jáde, ṣùgbọ́n sídì ni yóò gbà, òfin 1961 kò sì jẹ́ kí ó kó o kọjá ẹnubodè bí ó ti wù ú. Bí ó bá tilẹ̀ kó o kọjá, alágbàtà aṣọ ní Ìbàdàn kò ná sídì. Ìdí rèé tí n kò fi gbà pé báńkì ni ì bá gbà wọ́n. Ẹni tí ó ní àkáǹtì àti ẹni tí kò ní, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n bá ara wọn. Ẹni tí ó sàn fún díẹ̀ ni ẹni tí ó ti fi èrè rẹ̀ kọ́ ilé sí ìlú rẹ̀ nígbà ṣílè.

Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ ní kíláàsì: 'ṣí' tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn tàbí àkáǹtì, àti 'ṣí' tí a fi ń ṣí kúrò nílùú. Ohùn òkè kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Gbólóhùn nìkan ló ń yà wọ́n. Ní Gáná ọdún 1969, gbólóhùn náà ti ọwọ́ ìjọba wá.

Ilé tí wọ́n padà sí kò rọgbọ. Ogun abẹ́lé kò tíì parí, ìjà Agbẹ́kọ̀yà lórí owó-orí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mì ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn tìtì. Kí á má sì gbàgbé pé Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gáná ní oṣù kìn-ín-ní 1983. Ẹ̀yin náà mọ àpò tí ó gba orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

ECOWAS, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975, ṣe àdéhùn ní 1979 pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè rìn fàlàlà láàárín wọn. Àwọn báńkì Nàìjíríà náà ti wá kọjá lọ: láti 2005 ni Zenith àti UBA ti wà ní Àkrà. Ọmọ Odígbó tí ó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì òwò níbẹ̀ lè bá báńkì tí ó mọ̀ láti ilé pàdé. Ṣùgbọ́n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti báńkì. Yóò kọ́kọ́ fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, yóò gba nọ́ńbà owó-orí. Láti oṣù keje 2022 sì ni báńkì àpapọ̀ Gáná ti sọ káàdì ìdánimọ̀ Gáná di dandan fún ìdúnàádúrà ní báńkì. Àjòjì tí ń gbé ibẹ̀ ní irú tirẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2013 ló wúwo jù: àjòjì tí ó bá fẹ́ máa ra ọjà kí ó máa tà á gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kí ó sì gba ọmọ Gáná 20 síṣẹ́, òwò inú ọjà ọmọ onílẹ̀ nìkan ni ó wà fún. Lórí òfin yìí ni wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Àkrà ní 2020. Àwọn kan ń fi orúkọ ọ̀rẹ́ tàbí àna tí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ṣí àkáǹtì. Báńkì kò mọ ẹni tí ó ni ọjà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni ó mọ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2022, wọ́n ṣí ètò kan tí ń jẹ́ PAPSS ní Àkrà, tí ó lè jẹ́ kí ènìyàn san náírà ní Nàìjíríà kí ẹni tí ó wà ní Gáná gba sídì, láìkọ́kọ́ sọ ọ́ di dọ́là. Ohun tí wọ́n ń wá, owó tí ó kọjá ààlà láìsí ìdíwọ́, ni oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ń dì mọ́ ìdí nígbà ṣílè.