Àdàlú Ìtàn: Láti Ilẹ̀ Japan dé Braamfontein

Ẹ̀wà àti àgbàdo ni a fi ń se àdàlú. Ẹni tí ó mọ oúnjẹ jẹ mọ̀ pé àdàlú tí ó dára kì í sọ ẹ̀wà di àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ àgbàdo di ẹ̀wà. Inú àwo kan náà ni àwọn méjèèjì wà, síbẹ̀ ojú mọ ẹ̀wà, ojú sì mọ àgbàdo. Àwọn ará erékùṣù Okinawa, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Japan, ní oúnjẹ àdàlù tiwọn, tí wọ́n ń pè ní chanpurū. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti fa orúkọ Samurai Champloo yọ, eré tẹlifíṣọ̀n alápá 26 tí a fi àwòrán yíyà ṣe, tí Shinichiro Watanabe darí, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi hàn ní Japan ní ọdún 2004.

Ayé ìjọba ìdílé Tokugawa, láti 1603 títí dé 1868, ni eré náà gbé kalẹ̀. Àwọn samurai ni ẹ̀yà jagunjagun ilẹ̀ náà, bí àwọn Ẹ̀ṣọ́ ti rí ní Ọ̀yọ́ Ilé. Nígbà tí ogun abẹ́lé tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn di aláìlólúwa, wọ́n ń fi idà wá oúnjẹ kiri. Ní àwọn ọdún 1630, ìjọba ti ẹnubodè. Nígbà tí ó yá, àwọn ará Holland nìkan ni wọ́n gbà láyè láti ṣòwò nínú gbogbo òyìnbó Yúróòpù. Wọ́n ṣe inúnibíni sí àwọn onígbàgbọ́. Ní 1637, owó orí àti ìnilára mú kí àwọn àgbẹ̀ Shimabara, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ onígbàgbọ́, dìde ọ̀tẹ̀. Ní 1638, wọ́n pa wọ́n run.

Ẹ̀wà inú àwo nìyẹn. Àgbàdo rẹ̀ ni orin hip-hop, tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní New York ní àwọn ọdún 1970. Orin yìí ni ó ń dún bí àwọn arìnrìn-àjò mẹ́ta, Mugen, Jin àti Fuu, ti ń la ilẹ̀ náà kọjá. Mugen a máa fi idà jà bí ẹni ń jó. Síbẹ̀ oníṣẹ́ náà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ: ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kìíní, ó kọ ọ́ síta gbangba pé eré náà kì í ṣe ìtàn gidi.

Ilẹ̀ Áfíríkà ti se irú àdàlú yìí tipẹ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé ọdún 1959, nínú Gbọ̀ngàn Ńlá Yunifásítì Witwatersrand ní Braamfontein, Johannesburg, wọ́n ṣe eré King Kong fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìtàn Ezekiel Dlamini ni, akànṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó pa olólùfẹ́ rẹ̀, ó bẹ adájọ́ pé kí wọ́n pa òun náà, wọ́n kọ̀. Ní 1957 ó kú sínú omi nígbà tí ó ń ṣẹ̀wọ̀n. Harry Bloom kọ ìtàn rẹ̀, Todd Matshikiza fi jazz kọ orin rẹ̀, Nathan Mdledle àti Miriam Makeba sì ṣe é.

Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ ní yunifásítì? Níbẹ̀ ni dúdú àti funfun ti lè jókòó wo eré pọ̀, nígbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ń le sí i. Láti 1955 ni ìjọba ti ń wó Sophiatown, àdúgbò tí ó bí irú orin bẹ́ẹ̀. Nínú ọdún 1959 kan náà ni wọ́n ṣe òfin tí ó dínà mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ní irú yunifásítì bẹ́ẹ̀, àfi bí mínísítà bá yọ̀ǹda. Gbọ̀ngàn tí ó pàtẹ́wọ́ fún wọn ní Èrèlé di ibi tí òfin ń lé ọmọ wọn kúrò kí ọdún tó parí. Nígbà tí eré náà dé London ní 1961, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré kò padà sílé mọ́.

Níhìn-ín ni ewu àdàlú wà. Ohùn Makeba àti fèrè Hugh Masekela ni ayé rántí nípa King Kong. Ta ni ó rántí obìnrin tí akànṣẹ́ náà pa? Orin dídùn lè bo òkú mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí orin náà, ta ni ì bá gbọ́ orúkọ Dlamini ní ìta Johannesburg? Eré ni ó ń pe etí wá. Olùkọ́ ni ó yẹ kí ó fún etí ní òótọ́.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe lé irú eré bẹ́ẹ̀ kúrò ní kíláàsì. Bí àwọn ọmọ bá ti wo Ọba Kò So, tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde ní 1963, kí ó gbé ìwé ìtàn Samuel Johnson ti 1921 síwájú wọn, kí wọ́n wá ohun tí àwọn méjèèjì sọ nípa Ṣàngó, àti ibi tí wọ́n ti yà. Ọmọ tí ó bá lè ṣa ẹ̀wà kúrò lára àgbàdo ni ó mọ ohun tí ó ń jẹ.